Ọlọ́run Tó Mú Àwọn Mìíràn Náà Jáde: Lámèyítọ́ Iṣẹ́ Kwesi Dickson lórí Májẹ̀mú Láéláé

Láti ọjọ́ 17 sí ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1977, àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run láti káàkiri Áfíríkà péjọ sí ìlú Accra. Ohun tó kó wọn jọ kò ju ìbéèrè kan lọ: ṣé ẹnu ẹlòmíràn ni ọmọ Áfíríkà yóò máa fi sọ̀rọ̀ nípa Ọlọ́run títí ayé ni, àbí yóò ní ẹnu tirẹ̀? Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Kofi Appiah-Kubi àti Sergio Torres kó àwọn àpilẹ̀kọ ìpàdé náà jọ sínú ìwé kan, African Theology en Route, tí ilé ìtẹ̀wé Orbis tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà. James Cone, akọni àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, wà nínú rẹ̀. Mercy Amba Oduyoye, ọmọ Gánà tó ń kọ́ni ní Ìbàdàn nígbà náà, tó sì jẹ́ ìyàwó wa nílẹ̀ Yorùbá, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tí mo fẹ́ gbé yẹ̀wò ni ti Kwesi Dickson, àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì àti ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Gánà ní Legon. Ohun tó gbé lé ara rẹ̀ lọ́wọ́ ni láti wo ohun tó so Májẹ̀mú Láéláé pọ̀ mọ́ ìgbé ayé àti èrò Áfíríkà, àti ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìyàsọ́tọ̀ yẹn ló mú mi fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ní ti ìsopọ̀, gbogbo ayé ló ti sọ ọ́. Ẹni tó bá ṣí Jẹ́nẹ́sísì nílẹ̀ wa kò ní í sọnù nínú rẹ̀: baba onílé tó ní ìyàwó méjì, orogún tó ń bá orogún jà nítorí ọmọ, àbúrò tó gba ìre mọ́ ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́, òkú tí wọ́n gbé padà láti òkèèrè kí ó lè sùn pẹ̀lú àwọn baba rẹ̀, òkúta tí wọ́n da òróró sí lórí nítorí pé Ọlọ́run fara hàn níbẹ̀. Àwọn òyìnbó ajíhìnrere rí èyí, ẹ̀rù sì ba àwọn kan nínú wọn pé bí ọmọ Áfíríkà bá fi lè gba Májẹ̀mú Láéláé, ibẹ̀ ni yóò jókòó sí, kò ní í tẹ̀ síwájú. Dickson mọ ìtàn ìbẹ̀rù yẹn dáadáa. Kò fi ìbínú dá a lóhùn. Ó gbà pé a fẹ́ràn ìwé náà lóòótọ́, ó wá bi wá léèrè bóyá ìfẹ́ yẹn ti jẹ́ kí a kà á dójú àmì.

Nítorí àwa náà ti ṣi ìjọra lò. Ní ọdún 1930, àlùfáà Jésúìtì kan, Joseph J. Williams, tẹ Hebrewisms of West Africa jáde, ó to àṣà Ashanti àti àṣà Hébérù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí tó fi dà bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Tiwa kò yàtọ̀ púpọ̀. Samuel Johnson fi orísun Yorùbá sí ìhà ìlà-oòrùn, J. Olumide Lucas sì wá gbogbo òrìṣà lọ sí Íjíbítì nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1948. Ní ìwọ̀-oòrùn Gánà, ní agbègbè Sefwi, àwọn kan ti ń pa Sábáàtì mọ́ láti àwọn ọdún 1970, wọ́n ní ọmọ Ísírẹ́lì ni àwọn. Ní Accra fúnra rẹ̀, àwọn Gã kan á sọ fún ọ pé láti ilẹ̀ Ísírẹ́lì ni baba àwọn ti ṣí wá, wọn á sì fi ọdún Homowo ṣe ẹ̀rí.

Ẹ jẹ́ kí a wo Homowo yẹn dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ìwúlò ọ̀nà tí Dickson là sílẹ̀ ti hàn jù lójú mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mo mú àpẹẹrẹ náà wá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ lu ìlù nílùú, wọ́n á se kpokpoi, ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n fi ooru sè, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹyìn àti ẹja. Ọba á jáde pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀, á máa bu oúnjẹ náà wọ́n sílẹ̀ káàkiri fún àwọn baba ńlá, ariwo á sọ, wọn á máa fi ebi tó pa wọ́n láyé àtijọ́ ṣẹ̀sín. Ẹni tó bá fẹ́ fi wé Ìrékọjá, kò níṣòro: oúnjẹ ọdọọdún tó ń rántí ìpọ́njú ni méjèèjì. Àmọ́ kí ó ṣí Diutarónómì orí 26. Níbẹ̀, ẹni tó ti yọ ìdámẹ́wàá oko rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú Ọlọ́run pé òun kò mú nǹkan kan nínú rẹ̀ fún òkú. Ohun tó jẹ́ ọkàn Homowo gan-an ni òfin yẹn ní kí olùjọsìn búra pé òun kò ṣe. Ọlọ́run tó wà nínú orí yẹn kò fẹ́ bá àwọn baba ńlá pín oúnjẹ. Kí ni ọmọ Gã tàbí ọmọ Yorùbá tó ń ṣe ìrántí baba rẹ̀ fẹ́ ṣe pẹ̀lú èyí? Kò lè sọ pé ọ̀kan náà ni wá kí ó sì fò ó dá. Irú ìkọ̀sẹ̀ báyìí ni Dickson fẹ́ kí a máa dúró tì, kí a má ṣe sáré kọjá.

Ọ̀nà mẹ́ta ló gbà wo ìbáṣepọ̀ náà: ní ti ohun tí ìwé náà sọ nípa Ọlọ́run, ní ti ẹ̀sìn àti àṣà, àti ní ti bí a ṣe ń túmọ̀. Ti àkọ́kọ́ ló lọ́ràá jù. Ó fi hàn pé kì í ṣe àwòrán Ọlọ́run kan ṣoṣo ló wà nínú Májẹ̀mú Láéláé. Ohùn kan ń sọ pé Ọlọ́run yan Ísírẹ́lì, ó bá a dá májẹ̀mú, ó sì ya àwọn ìyókù sápá kan. Ohùn kejì ń sọ pé Ẹni tó dá gbogbo ayé kò tíì fi ẹ̀yà kankan sílẹ̀ láìní í nípìn-ín. Àwọn ajíhìnrere tó wá sọ́dọ̀ wa gbọ́ ohùn kìíní ketekete, wọ́n sì fi ìjọ rọ́pò Ísírẹ́lì. Ohùn kejì, tó lè jẹ́ kí wọ́n bi ara wọn bóyá Ọlọ́run ti ṣáájú àwọn dé Cape Coast àti Abẹ́òkúta, kò wọ̀ wọ́n létí tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ mú Ámósì orí 9, ẹsẹ 7. Wòlíì náà ń bá àwọn èèyàn tó gbára lé ìtàn ìjádekúrò ní Íjíbítì sọ̀rọ̀. Ìtàn yẹn ni ohun ìyangàn wọn, òun ni ẹ̀rí pé Ọlọ́run fẹ́ràn àwọn ju gbogbo ayé lọ. Ó wá sọ fún wọn pé bí àwọn ará Kúṣì, àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà ní gúúsù Íjíbítì, ṣe rí lójú Ọlọ́run ni Ísírẹ́lì náà rí. Kò dúró níbẹ̀. Ó ní Ọlọ́run kan náà ló mú àwọn Filísínì jáde láti Káfítórì, òun ló sì mú àwọn ará Síríà jáde láti Kírì. Àwọn Filísínì! Ọ̀tá ìdílé, àwọn tí Dáfídì bá jà! Ọlọ́run yìí ní ìjádekúrò mìíràn lọ́wọ́ tí Ísírẹ́lì kò kọ sínú ìwé rẹ̀, tí kò tilẹ̀ gbọ́ nípa rẹ̀. Mo gbà pé kò sí ẹsẹ tó yẹ kí onígbàgbọ́ Áfíríkà há sórí jù èyí lọ, nítorí pé ó dáhùn ìbéèrè kan tí àwọn baba wa kò rí ẹni dá wọn lóhùn: níbo ni Ọlọ́run wà kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀?

Ní Accra, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ Mẹ́tọ́díìsì ni Busia, ọ̀mọ̀wé sì ni, bíi ti Dickson. Àwọn èèyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìníṣà, Ẹjígbò, Ṣakí àti Ìgbòho, tí àwọn mìíràn nínú wọn ti bí ọmọ, tí wọ́n ti bí ọmọ ọmọ síbẹ̀, palẹ̀ ọjà wọn mọ́, wọ́n sì forí lé ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi tí àwọn oníṣòwò Yorùbá dá sílẹ̀ ní Gánà ló ṣófo lọ́sẹ̀ bíi mélòó kan. Ní oṣù Kìíní 1983, ìjọba Nàìjíríà san án padà: ó lé àwọn ará Gánà lọ, àpò ṣàkì aláràbarà tí wọ́n kó ẹrù sí sì gba orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní, Ghana Must Go. Diutarónómì orí 10 sọ pé Ọlọ́run tó ju gbogbo ọlọ́run lọ ni Ọlọ́run tó fẹ́ràn àlejò, tó ń fún un ní oúnjẹ àti aṣọ. Àwọn ìlú méjèèjì ló ní ìwé náà nílé. Mi ò mọ̀ bóyá 1969 wà lọ́kàn Dickson nígbà tó ń kọ nípa Ọlọ́run tí kì í ṣe ti ẹ̀yà kan. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọmọ Yorùbá tó bá kà á kò lè mú 1969 kúrò lọ́kàn, àti pé àpilẹ̀kọ náà lágbára sí i bí a bá kà á bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo ti bá a jiyàn ni ọ̀nà kejì, ti ẹ̀sìn àti àṣà. Níbẹ̀ ló ti sọ pé Ọlọ́run Ísírẹ́lì ga ju ẹ̀dá lọ, pé ó ń pàṣẹ fún òkè, odò àti ìjì, nígbà tí ọmọ Áfíríkà ń bá ẹ̀mí pàdé nínú odò àti igi fúnra wọn. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó fi wé ara wọn kò dọ́gba. Ní apá kan, ìwé ni, tí àwọn akọ̀wé àti àlùfáà ti tún kọ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, tí wọ́n ti yọ ohun tí wọn kò fẹ́; ní apá kejì, èèyàn tó wà láàyè ni, pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìnkùlé. Bí a bá fẹ́ fi ẹ̀sìn wé ẹ̀sìn, ó yẹ kí a wá ẹ̀yìnkùlé Ísírẹ́lì náà lọ. Ẹ̀rí ibẹ̀ sì ń jáde lọ́wọ́ ní àkókò yẹn gan-an. Ní 1975 àti 1976, Ze'ev Meshel wa ilẹ̀ ní Kuntillet Ajrud, ní aṣálẹ̀ Sínáì, ó rí ìkòkò ńlá tí ọjọ́ orí wọn tó nǹkan bí ọdún 800 ṣáájú ìbí Jésù. Ọ̀rọ̀ ìbùkún tí wọ́n fi èdè Hébérù kọ sí wọn lára dárúkọ Yáwè, ó sì dárúkọ Áṣérà mọ́ ọn. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jà lórí bóyá òrìṣà obìnrin ni Áṣérà níbẹ̀ tàbí ère igi tó ń dúró fún un. Èyíkéyìí tí ì báà jẹ́, ẹni tó kọ ọ́ kò rí Ọlọ́run rẹ̀ bí àwọn olóòtú Diutarónómì ṣe fẹ́ kí ó rí i. Ẹ tún ka Orin Dáfídì 29, kí ẹ gbọ́ bí ohùn Ọlọ́run ṣe ń sán lórí omi, tó ń fa igi kédárì ya, kí ẹ wá sọ fún mi pé àwọn tó kọ́kọ́ kọ ọ́ lórin kò bá Ọlọ́run wọn pàdé nínú ìjì. Ààlà tí Dickson fà, ààlà àwọn akọ̀wé ni. Kò dájú pé àwọn ará ilé fà á bẹ́ẹ̀. Ìròyìn Kuntillet Ajrud kò tíì tàn kálẹ̀ nígbà tó ń kọ̀wé, mi ò sì lè fi ìyẹn dá a lẹ́bi, àmọ́ Jeremáyà àti ìwé Àwọn Ọba ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n kún fún ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe lórí òkè àti lábẹ́ igi tútù.

Ní ọ̀nà kejì yìí kan náà, ohun tó sọ nípa ẹnì kan àti ẹgbẹ́ tó wà nínú rẹ̀ kò pẹ́ mi lọ́kàn. Ẹ̀ṣẹ̀ Ákánì nínú Jóṣúà 7 ṣubú lé gbogbo ilé rẹ̀, Ísíkíẹ́lì orí 18 sì kọ̀ pé ọmọ kò ní í jẹ̀bi baba. Gbogbo wa la mọ bí ìyẹn ṣe rí láàárín ẹbí.

Ohun tó wúwo jù ni èyí tí mo fẹ́ kí àpilẹ̀kọ náà ti fi gbogbo ojú wò. Bí ohùn méjì bá wà, ti àyànfẹ́ àti ti gbogbo ayé, ó rọrùn láti yan èyí tó dùn mọ́ wa. Àmọ́ ìwé Hébérù kò pín Ọlọ́run rẹ̀ sí méjì tó mọ́ra bẹ́ẹ̀. Nínú Jẹ́nẹ́sísì 18, ó jókòó lábẹ́ igi Mámúrè, ó jẹ ẹran ọmọ màlúù Ábúráhámù, ó sì jẹ́ kí ó bá òun dúnàá dúrà lórí Sódómù láti àádọ́ta olódodo wálẹ̀ dé mẹ́wàá. Nínú Ẹ́kísódù 33, ó bá Mósè sọ̀rọ̀ lójúkojú, kí orí náà tó parí ó ní kò sí ẹni tó lè rí ojú òun kí ó yè. Àti 1 Sámúẹ́lì 15. Níbẹ̀ ni Sọ́ọ̀lù ti gba àṣẹ láti pa Ámálékì run, ọkùnrin, obìnrin, ọmọ ọwọ́, màlúù àti àgùntàn. Nígbà tó dá ọba wọn sí pẹ̀lú ẹran tó sanra, Ọlọ́run kábàámọ̀ pé òun fi í jọba. Sámúẹ́lì wá sọ fún Sọ́ọ̀lù pé Ọlọ́run kì í kábàámọ̀, pé kì í ṣe èèyàn. Gbólóhùn tó kẹ́yìn orí náà sì tún sọ pé ó kábàámọ̀. Orí kan ṣoṣo! Ẹni tó kó o jọ mọ ohun tó ń ṣe, kò fẹ́ ràn án lẹ́nu. Ọlọ́run tó mú àwọn Filísínì jáde láti Káfítórì ni ìwé yìí náà ń pè ní Ọlọ́run tó ní kí wọ́n má ṣe dá ọmọ ọwọ́ Ámálékì sí.

Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí Accra tí mo mọ̀, àti Èkó pẹ̀lú. Ní ìṣọ́ òru ọjọ́ Ẹtì, nínú àwọn ìjọ tó ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, títí kan èyí tó ti ilẹ̀ wa lọ, Ọlọ́run Ámálékì ni wọ́n ń ké pè jù. Orin Dáfídì 35 àti 109 ni wọ́n ń fi gbàdúrà. Aládùúgbò, àna, ọ̀gá ibi iṣẹ́ ló sì ń di Ámálékì. Ẹni tó ń gbàdúrà bẹ́ẹ̀ kò burú lọ́kàn. Ìyà ń jẹ ẹ́, ó sì rí Ọlọ́run kan nínú Bíbélì tí ìyà yẹn ń bí nínú. Bí onímọ̀ bá wá fi Ámósì hàn án, tí kò sì bá a sọ̀rọ̀ nípa 1 Sámúẹ́lì 15, kò tíì dá a lóhùn. Ẹ̀kọ́ tó ń wo ìyàtọ̀ láìṣojo, bíi ti Dickson, ló lágbára láti ṣe é. Ìyẹn ló ṣe dùn mí pé kò gbé e débẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 1966, wọ́n ṣe ìpàdé irú èyí ní Ìbàdàn, Dickson àti Paul Ellingworth sì ṣe olóòtú ìwé tó ti inú rẹ̀ jáde ní 1969, Biblical Revelation and African Beliefs. Bọ́lájí Ìdòwú ló kọ orí tó dá lórí Ọlọ́run níbẹ̀, ìgbàgbọ́ rẹ̀ sì dúró digbí pé Ẹni tí Yorùbá ń pè ní Olódùmarè ni Ẹni tí Bíbélì ń sọ nípa rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, ó gba ẹ̀sìn àwọn baba wa lọ́wọ́ ẹ̀gàn. Okot p'Bitek, akéwì àti onímọ̀ ará Uganda, bínú sí i ní 1970, ó ní aṣọ àwọn Gíríìkì ni àwọn onímọ̀ bíi Ìdòwú, Mbiti àti Danquah gbé wọ àwọn ọlọ́run Áfíríkà. Lójú tèmi, ẹ̀sùn p'Bitek wúwo lórí Ìdòwú ju bó ti wúwo lórí Dickson lọ. Dickson kò sáré ní kí àwọn méjèèjì jọ ara wọn. Ó fi ìwé Hébérù sílẹ̀ ní àjèjì tó jẹ́, ó sì jẹ́ kí àwa náà wà bí a ṣe wà, kí a lè máa bi ara wa ní ìbéèrè.

Ìbéèrè kan wà tí Mercy Oduyoye àti àwọn obìnrin tó bá a ṣiṣẹ́ rí, tí àpilẹ̀kọ Dickson kò bi. Nínú Jeremáyà 44, àwọn obìnrin Júdà tó sá lọ sí Íjíbítì dojú kọ wòlíì náà. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ń sun tùràrí sí ayaba ọ̀run, tí àwọn ń ṣe àkàrà fún un, oúnjẹ pọ̀, ara le. Láti ìgbà tí àwọn ti ṣíwọ́, idà àti ìyàn ló kù. Wọ́n ní àwọn ọkọ àwọn mọ̀ sí i. Wòlíì dá wọn lóhùn pẹ̀lú ìdájọ́, àmọ́ akọ̀wé fi ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ nínú ìwé, láìgé e kù. Ta ló ń bọ́ wa? Ìbéèrè àwọn tó ń dáná ni. Ní 1989, ní Legon, Oduyoye àti àwọn obìnrin onímọ̀ láti káàkiri Áfíríkà dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka Bíbélì láti ibi tí obìnrin dúró sí.

Ẹni tó bá fẹ́ ka Dickson, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti àpilẹ̀kọ Accra yìí, nítorí ó kúrú, ó sì gbóná. Theology in Africa ti 1984 gbà á sínú, ó sì gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ohùn ọ̀jọ̀gbọ́n ti borí ohùn àlùfáà níbẹ̀ díẹ̀. Kí ó wá fi Uncompleted Mission ti 1991 tẹ̀ lé e. Nínú ìyẹn ló ti kọjú ìbéèrè náà sí ìjọ fúnra rẹ̀, ó bi í léèrè ìdí tó fi ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn nígbà tí Ìwé Mímọ́ rẹ̀ kò tì í pa. Ààrẹ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì Gánà ló dà ní àwọn ọdún 1990 náà, kò sì kó ìbéèrè yẹn jẹ.